Láàárín Ilà Méjì

Bàbá mi kì í sọ pé, "Rọra o."
Láti ìgbà tí mo ti ń gun máṣíìnì yìí lọ sí iléèwé Ògìdì,
ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń ti inú yàrá jáde
kí n tó ráyè kí i ní ọ̀kún:
"Ọmọníwà, ṣé o ti wò ó?"

Ojú rẹ̀ ti ṣú. Funfun ti bo ẹyin ojú méjèèjì
bí ìkùukùu àárọ̀ ṣe ń bo òkè ẹ̀yìn Kábà,
àmọ́ etí rẹ̀ mọ ibi tí mo gbé máṣíìnì sí.
"Orí kọnkéré ni kó o gbé e sí, kì í ṣe ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn.
Gbé e nàró. Má fi í ti ẹ̀gbẹ́.
Ọ́ìlì a máa purọ́ fún ẹni tó bá wò ó ní ìdagun."

Mo ti tẹ sítáátà, mo jẹ́ kó gbóná díẹ̀, mo pa á.
Ìdúró ló kù.
Ó ní kí n jẹ́ kí ọ́ìlì padà sílé,
kó kán kúrò lára irin gbogbo
bí omi ṣe ń kán ní etí páànù nígbà tí òjò ti dá.
Mo ń wo aago. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹta á ti máa tò lórí pápá.

Mo tú ọ̀pá ìwọ̀n. Mo fi àkísà nù ún:
ìbòrí ìyá mi àtijọ́ ni,
òdòdó rẹ̀ ṣì hàn níbi tí dúdú ò tíì dé.
Mo tì í bọ̀ ọ́ padà, n ò yí i, ó kàn jókòó lórí ihò.
Mo fà á yọ.

Ọ́ìlì wà nísàlẹ̀ ilà ìsàlẹ̀, bí ìbú èékánná kan.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, agbede méjì ló wà.
Kò sí ẹ̀kán kankan lórí kọnkéré. Kò jò.
Ó ń mu ún ni, ní kọ̀rọ̀,
bí àgbàlagbà tó ń mu ọtí lẹ́yìnkùlé.
Mo ti rí èéfín aláró lẹ́yìn mi níbi tí mo ti ń gun òkè,
mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

"Ó wà láàárín ilà méjèèjì," ni mo wí.

Bàbá na ọwọ́.
Ó fi ìka ìfábẹ̀lá tọ ọ̀pá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀,
ó fi àtàǹpàkò ra ohun tó bá níbẹ̀, ó gbé e súnmọ́ imú.
"Ó ti jóná. Irin wà nínú rẹ̀.
Góńgó orí ọ̀pá nìkan ló sì tutù."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Irọ́ rẹ ò ju ìbú èékánná lọ, ọmọ mi.
Òkè Ògìdì ló ga jù ú."

Mo mọ ìtàn tó kàn. Kò sọ ọ́ lónìí,
èmi ni mo sọ ọ́ fún ara mi:
ọdún tí kajú so bí ẹni ń bínú,
àpò mẹ́ta lẹ́yìn Súsúkì, ọ̀gbẹlẹ̀ mú,
ó ní òun á ra ọ́ìlì tóun bá tajà tán.
Ó ku díẹ̀ kó wọ Kábà,
ẹ́ńjìnnì ké lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn gan pa,
àpò kan tú sójú títì.
Nígbà tí Owóníyì mẹkáníìkì máa fi tú inú rẹ̀ síta,
písítìn ti lẹ̀ mọ́ ilé rẹ̀ bí iyán gbígbẹ mọ́ odó.
Owó kajú ọdún yẹn, irin ló jẹ ẹ́.
Ọdún yẹn náà ni n ò wọ Fọ́ọ̀mù Wáànù.

Mo gbé gálọ̀nù kékeré sọ̀ kalẹ̀. Mo ń dà á
díẹ̀díẹ̀, tuntun tó pọ́n bí oyin lórí èyí tó ti dúdú.
"Má jẹ́ kó kọjá ilà òkè. Àjẹjù náà, àrùn ni.
Èéfín ńkọ́?"
Mo ní lọ́jọ́ Sátidé, màá gbé e tọ Owóníyì lọ.
Mo dúró. Mo kà dé ọgọ́rùn-ún. Mo tún wò ó.
"Níbo ló dé?"
"Ó ku díẹ̀ kó kan ti òkè."
Kò dáhùn. Ó tún na ọwọ́,
mo sì gbé ọ̀pá náà lé e lọ́wọ́.